Àga Kan Ṣoṣo Tó Kù Níta

Orúkọ mi ni Ornella, ará ìlú ńlá Torino ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe ní gbangba. Mo fi ìyá ọkọ mi sílẹ̀ lórí àga ẹni ẹlẹ́ni, nínú ìlú tí n kò mọ̀, nínú oòrùn tó lè pa ènìyàn, kí n lè lọ gba ibùsùn fún wọn ní ilé àwọn arúgbó láìjẹ́ kí ọkọ mi gbọ́.

Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ bú mi, ẹ̀tọ́ yín ni. Èmi náà ti bú ara mi títí ó fi sú mi.

Màmá Addolorata ti ń gbàgbé nǹkan fún bí ọdún mẹ́ta kó tó di ìgbà yẹn. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á lọ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú fíríìjì. Nígbà tó yá, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á ní àwọn ń lọ síbi iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan tí wọ́n ti tì pa láti ogún ọdún sẹ́yìn. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Èmi náà ni mò ń sáré tẹ̀ lé wọn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Saverio ọkọ mi fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìfẹ́ tirẹ̀ máa ń dé, nígbà tí mo bá ti wẹ̀ wọ́n tán tí mo ti pààrọ̀ aṣọ wọn. Á fẹnu kò wọ́n níwájú orí, á ní ara Màmá le lónìí, á wá jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

Ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ ní ọsibítù, kí bàbá náà tó kú, pé inú ilé wa ni Màmá máa wà títí ọjọ́ ìkẹyìn wọn. Bí mo bá ti la ẹnu pe ilé arúgbó, ńṣe ló máa ń gbé ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró. A ò tún ní bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo Torino máa ń ṣófo, a gba ilé kékeré kan lẹ́bàá òkun ní gúúsù, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bí Màmá. Láti ẹ̀yìn ilé náà a máa ń rí Montaspro lórí òkè, ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi ẹfun kùn láti òkè délẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún wa ló fẹnu bà á pé àwọn Sístà ìjọ Àgùdà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó, pé ńṣe làwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn máa ń sanra.

Kò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, mo sì pè wọ́n lórí fóònù.

Sístà kan tó ń jẹ́ Eufemia ló gbé e. Ó ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, ní aago méjìlá ààbọ̀, kí àwọn tó ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi ọ̀sán. Ó bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ sí i, torí ìyá rẹ̀ ni. Mo ní ó mọ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì yọ̀ jáde lẹ́nu mi bíi pé kì í ṣe irọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Saverio bá ìbátan rẹ̀ kan lọ pẹja. Rédíò ti kìlọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí àwọn àgbàlagbà má ṣe jáde nínú oòrùn. Kí Saverio tó lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ornella, jọ̀ọ́, bí ẹ bá jáde, má fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ o."

"Ọmọ kékeré ni mí ni?" mo dá a lóhùn. "Máa lọ, òkun ò ní dúró dè ọ́."

A kì í gbé mọ́tò wọ inú Montaspro. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ odi ìlú, mo di Màmá lọ́wọ́ mú, a gba ẹnubodè wọlé. Mo sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan la fẹ́ lọ wò. Wọ́n wọ aṣọ olódòdó wọn, wọ́n dé fìlà koríko, wọ́n fi báàgì kọ́ apá bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Àwọn ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Àwọn ọ̀nà náà ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yí po mọ́ ara wọn, gbogbo ògiri sì funfun báláú. Màmá dúró lójijì, wọ́n bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo ní méjìlá ti kọjá.

"Ó yẹ ká ti máa lọ sílé," ni Màmá wí. "Ènìyàn kì í rìn níta tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán. Àwọn tó ń rìn nígbà yẹn ò lójú."

"Wọn ò lójú báwo, Màmá?"

"Ibi tó yẹ kí ojú wà ṣófo ni. Ìyá mi ló sọ fún wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀, kí ló fẹ́ sọ fún mi? Mi ò mọ̀ pé nínú àwa méjèèjì, Màmá nìkan ló mọ ibi tí a wà.

Bí a ṣe yà sí ọ̀nà kan báyìí, a bá obìnrin mẹ́rin tó jókòó síta lórí àga, tábìlì pákó wà láàárín wọn. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun pípò, pásítà tó dà bí etí kékeré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń jù ú sórí aṣọ funfun.

Màmá fúnra wọn ló já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n lọ bá wọn, wọ́n bu ìyẹ̀fun náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ mọ́ ń tẹ etí kékeré, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, gbogbo rẹ̀ sì ń jáde dọ́gbadọ́gba. Inú àwọn obìnrin náà dùn débi pé ẹni tó ni ilé náà, obìnrin ojúgbà mi kan tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé Crocifissa ló ń jẹ́, dìde fún Màmá lórí àga tirẹ̀.

"Ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ Torino," ó sọ fún mi. "Ọmọ ilẹ̀ wa lẹ jí gbé lọ."

Ibẹ̀ ni èṣù ti gbá mi mú. Ohun tí mo pinnu tẹ́lẹ̀ ni pé màá mú Màmá dé ọ̀dọ̀ àwọn Sístà. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé Sístà á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n tún lè délé kí wọ́n sọ fún Saverio, torí ìgbàgbé wọn kò ṣeé gbára lé. Ìgbà tí mo bá fẹ́ kí wọ́n gbàgbé gan-an ni wọ́n máa ń rántí. Wọ́n sì rèé lábẹ́ ìbòòji, láàárín èèyàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí ni wákàtí kan á ṣe?

Mo bẹ Crocifissa pé kó bá mi mójú tó wọn, pé mo fẹ́ sáré wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò burú.

"Àmọ́ ẹ má pẹ́ o, àǹtí. Tó bá ti di aago kan ààbọ̀, gbogbo wa á kó àga wọlé."

Mo gbọ́ ọ, ó sì gba etí kejì jáde. Ní Torino, bí ènìyàn bá kó àga wọlé, ọ̀nà ṣì wà níbi tó wà.

Mo ti fóònù mi bọ inú báàgì Màmá, torí n kò fẹ́ kí Saverio pè mí níwájú Sístà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, ẹ jókòó síbí. Ẹ má dìde títí màá fi dé."

"Ibí yìí gan-an?"

"Ibí yìí gan-an."

"Mo ti gbọ́," ni Màmá wí, wọ́n sì tún mú ìyẹ̀fun.

Mo fi ojú sàmì sí ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ. Àga mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì pupa kan tí wọ́n sá sórí okùn ní ìkóríta. Ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè kan nínú àgò rẹ̀ lójú fèrèsé. Àtẹ tòmátì tí wọ́n sá sórí àtẹ̀gùn ilé kan. Mo ní ta ni á sọnù nínú ìlú tí kò tó àdúgbò kan ní Torino?

Sístà Eufemia kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó fi yàrá hàn mí. Àwọn arúgbó tí mo rí mọ́ tónítóní, wọ́n ń jẹun, kò sẹ́ni tó ń sunkún. Ká ní mo mú Saverio lọ wo ibẹ̀ ní gbangba, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ, mi ò mọ̀.

Ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Ibi méjì ni wọ́n ti máa buwọ́ lù ú, èmi àti ọmọ bíbí Màmá. Ó béèrè ọkọ mi. Mo ní ó ń dúró ti Màmá níta, torí àtẹ̀gùn wọn ti ga jù fún ẹsẹ̀ arúgbó.

"Ẹ gbé e jáde fún wọn nígbà náà," ló wí.

Mo gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ère Màríà kan wà níbẹ̀, òdòdó oníke wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí ère náà, mo fi ìwé ti ògiri, mo sì kọ orúkọ Saverio bó ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fà sí ìparí rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Mo dúró díẹ̀ kí n tó wọlé padà, kó lè dà bíi pé mo lọ síta lóòótọ́. Sístà gba fọ́ọ̀mù, ó dúpẹ́. Ó ní òun á bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, òun á sì pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kó tó di aago mẹ́rin. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti lu ọ̀kan ààbọ̀ kó tó sìn mí dé ẹnu géètì. Géètì pa dé lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wo iwájú, n kò mọ ibi tí mo wà mọ́.

Àtẹ tòmátì ti wọlé. Ẹyẹ inú àgò ti wọlé. Gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, gbogbo fèrèsé onígi pa dé, ilé kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbà tí mo ń bọ̀, èèyàn ló kún ibẹ̀. Nísinsìnyí, ariwo ṣíbí lára abọ́ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn àwọn fèrèsé, nígbà tó sì yá, ìyẹn náà dákẹ́.

Mo yà sọ́tùn-ún, ògiri ló pàdé mi. Mo padà, mo yà sósì, mo gun àtẹ̀gùn kan, ó tún mú mi dé ibi tí mo ti kúrò. Mo rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Aago méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó, inú báàgì èmi ló sì wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Bí mo ṣe ń sáré, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn mi. Mo dúró, ó dúró. Mo tún sáré, ó tún sáré. Ariwo bàtà ara mi ló ń ta padà lára ògiri, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò lè wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ ń dún létí mi, pé ibi tó yẹ kí ojú wà ṣófo ni.

Mo kan ilẹ̀kùn kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kan òmíràn títí ọwọ́ fi ń ta mí, ohùn bàbá kan ní ta nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀nà tí àwọn obìnrin ti ń ṣe pásítà hàn mí.

"Ọ̀nà wo ni obìnrin ò ti ń ṣe pásítà níbí?" ni bàbá náà wí. "Kí lorúkọ ọ̀nà náà?"

N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní mo sọ ìyá àgbàlagbà kan nù.

"Kò sẹ́ni tó ń sọnù níbí. Sinmi, kí o padà wá ní aago márùn-ún."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ilé, tí ibùsùn sì ké bí wọ́n ṣe yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo kígbe, ohùn mi kò jáde dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ níwájú mi nínú oòrùn. Irun rẹ̀ tú, ó ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ sì ṣófo, ìmọ́lẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Kó tó yé mi pé gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì pa ni, àti pé èmi ni obìnrin náà, omi ti dà sílẹ̀ lójú mi.

Nígbà tí mo dé ìkóríta kan, mo wá bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì pupa, okùn lásán ni mo bá. Mo wo ọ̀nà tó wà lápá ọ̀tún. Ẹnì kan ti ta aṣọ dí i láti ògiri dé ògiri, ó kanlẹ̀ bí àgọ́, oòrùn tó wà lójú mi kò jẹ́ kí n mọ àwọ̀ rẹ̀, n kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà náà ti dí ni, mo sì kọjá. Mo tún padà gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún kọjá, torí àga mẹ́rin ni mò ń wá.

Ibi tí mo wá já sí ni iwájú géètì àwọn Sístà.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí apá yìí gan-an ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní Saverio pàápàá. Bẹ́ẹ̀lì wà lára géètì náà. Mo gbé ìka lé e. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jáde, wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi rí Màmá. Wọ́n á sì béèrè ọkọ mi tí mo ní ó dúró ti Màmá níta.

Mo gbé ìka mi kúrò.

Oòrùn ń jó mi lórí, mo sì mọ̀ pé òun náà ló ń jó arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kan níbìkan, láìlo oògùn. Mo mọ̀, mo sì gbé ìka mi kúrò. Àṣírí mi ni mo fi ṣáájú ẹ̀mí wọn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àwọn ògiri yẹn, mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mò ń sọ pé kó jẹ́ kí wọ́n wà láàyè, màá wẹ̀ wọ́n títí ayé.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó. Mo ti jókòó sílẹ̀ lórí òkúta nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tó ń pe orúkọ mi.

"Ornella!"

Ohùn Saverio ni. Ohùn tí mo ń sá fún láti àárọ̀ ni mo wá sáré lọ bá, mo ń kọsẹ̀, mo ń dáhùn, títí mo fi dé ibi aṣọ tí wọ́n ta dí ọ̀nà. Ó gbé etí aṣọ náà sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ wọlé sábẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì pupa tí mo ń wá ni. Wọ́n ti tú u lórí okùn, wọ́n fi bo Màmá lọ́wọ́ oòrùn.

Tábìlì ti wọlé, àwọn obìnrin yòókù ti wọlé, àga mẹ́ta ti wọlé. Àga kan ṣoṣo ló kù níta, Màmá sì jókòó sórí rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ojú wọn pọ́n kankan, aṣọ tútù wà lórí wọn. Crocifissa jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń fẹ́ wọn pẹ̀lú ìdérí ìkòkò.

"Ará Torino, ẹ káàbọ̀," ló wí. "A ti jẹun, a ti fọ abọ́. Màmá yín ò jẹ, wọn ò wọlé. A bẹ̀ wọ́n, a fà wọ́n, wọ́n ní ọmọ àwọn ní ibí yìí gan-an. Ọkọ mi ní kí ni ká ṣe, ló bá tú aṣọ ibùsùn wa lórí okùn."

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo fún wọn ní oògùn, omi inú kọ́ọ̀bù Crocifissa sì ń dà sí wọn láyà. Wọ́n fọwọ́ kan mi lójú, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ṣì wà níbẹ̀.

"Mo sọ fún wọn," ni Màmá wí. "Mo ní bí mo bá wọlé, kò ní rí mi mọ́. Mo ní ọmọ mi kì í fi mí sílẹ̀."

Saverio bi mí pé níbo ni mo lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ wò, tí mo fi ṣìnà. Ó ṣàlàyé fún mi pé òkun ru, àwọn padà ní kíá, òun pe fóònù mi, Crocifissa ló sì gbé e láti inú báàgì Màmá. Ó bínú, n kò ní purọ́, àmọ́ nígbà tó rí ẹsẹ̀ mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó fà mí mọ́ra, ó ní kò burú, kí n má sunkún mọ́. Ó gbà mí gbọ́. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo rò pé mo ti yọ.

Fóònù mi, tó ti gbà lọ́wọ́ Crocifissa, dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà léjìká mi, ló bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè dún síta.

"Ìyáàfin Ornella, Sístà Eufemia ni," ni ohùn náà wí. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ibùsùn wà. Bí ọkọ yín náà ṣe ti buwọ́ lù ú lónìí, ẹ lè mú Màmá wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọwọ́ tó wà léjìká mi kúrò.

"Ọkọ wo ló buwọ́ lù ú?" ni Saverio béèrè.

"Ọ̀gbẹ́ni Saverio. Ìwé rẹ̀ ló wà níwájú mi yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ó pa fóònù. Ó wò mí. Mo ti rí ojú ọkọ mi nínú ìbínú, mo ti rí i nínú ọ̀fọ̀, àmọ́ n kò tíì rí i kó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò rí. Crocifissa dìde, ó gbé kọ́ọ̀bù omi wọlé.

"Ta ló pè?" ni Màmá béèrè.

Saverio ti fóònù bọ àpò.

"Wọ́n ṣì í pè ni, Màmá. Ẹ dìde ká máa lọ sílé."

Màmá kò dìde. Èmi ni wọ́n ń wò. Àfìgbà tí mo sọ fún wọn pé mo ti dé, pé wọ́n lè dìde báyìí, ni wọ́n tó na ọwọ́ sí mi.

Nínú mọ́tò, Saverio bi mí ní ìbéèrè kan péré. Ó fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi kọ́ bí òun ṣe ń buwọ́ lùwé. N kò kọ́ ọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo kọ ọ́, ó sì jọ tirẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún kan. Saverio kò lé mi jáde. Ó dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, òun ló ń wẹ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ báyìí, ó sì ti mọ bó ṣe yẹ kí omi gbóná tó kí wọ́n má bàa kígbe. Nígbà tó wẹ̀ wọ́n fún oṣù kan, ó sọ fún mi ní kíṣíìnì pé òun ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù. Bó bá jáde, ó máa ń pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wákàtí kan tó pé, kì í sì í ṣe èmi ló máa ń béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú arúgbó tó ti rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ pariwo rẹ̀, ẹ fọ́ abọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí yín kí ẹ sì tún sọ ọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí Saverio bínú sí mi fún ọdún kan ju kí n tún gbé ìka mi kúrò lára bẹ́ẹ̀lì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Màmá ti gbàgbé Montaspro. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi, àlejò ni wọ́n ń pè mí. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò gbàgbé. Bí mo bá ti wọ bàtà ìjáde báyìí, wọ́n á wọ́ àga kan láti kíṣíìnì wá sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó sórí rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Saverio ní kò sẹ́ni tó lè gbé wọn dìde níbẹ̀.

Tí mo bá wá dé, wọn kì í mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n á na ọrùn wo àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹ má dí ojú ọ̀nà," ni Màmá máa ń sọ fún mi. "Ọmọ mi ń bọ̀. Ó ní ibí yìí gan-an."

Mo máa ń lọ gbé àga tèmi náà wá. Mo máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, n óò jókòó, àwa méjèèjì á sì jọ máa retí mi.